Ẹ yé kọ ìwé àyẹ̀wò ìgbẹ́ fún ẹni tí iṣan ìdí rẹ̀ já

Olóòtú,

Ó tó gẹ́ẹ́! Obìnrin bímọ, ojú ara rẹ̀ ya, wọ́n rán an. Láti ìgbà náà ni ìṣó àti ìgbẹ́ ti ń jáde lára rẹ̀ láìfura. Ó dé ọsibítù, wọ́n kọ ìwé àyẹ̀wò ìgbẹ́ fún un, wọ́n ní kó lọ sanwó ní làbù. Èsì dé: kò sí aràn, kò sí kòkòrò. Síbẹ̀ wọ́n kọ Flagyl. Ó tún padà lọ, wọ́n ní kó lọ ṣe skáànù ikùn. Kò sí ẹnì kan tó wọ ìbọ̀wọ́, tó fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò. Nílé, wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ó bọ́ sọ́wọ́ alágbo.

Kí ni wọ́n ń wá nínú ike ìgbẹ́ gan-an? Bí èèyàn bá ń ṣu omi, àyẹ̀wò náà wúlò, a ò jiyàn. Àmọ́ iṣan ìdí, ìyẹn èyí tó ń pa ojú ìdí dé, bó bá já nígbà ìbímọ, kì í hàn nínú ìgbẹ́, skáànù orí ikùn náà ò sì lè rí i.

Ti àwọn àgbàlagbà tún burú jù. Ìgbẹ́ líle á dí bàbá nídìí, omi ìgbẹ́ á wá máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jò sí ṣòkòtò. Wọ́n á pè é ní ìgbẹ́ gbuuru, wọ́n á fún un ní loperamide tó ń dá ìfun dúró. Èyí tó dì tẹ́lẹ̀ á tún dì sí i. Ìka kan péré ì bá ti tú àṣírí náà.

Kò sì nira. Aláìsàn á fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, á ká orúnkún sí àyà. Ẹ kọ́kọ́ wo ojú ìdí, ẹ ní kó wúkọ́, kó sì tì bí ẹni fẹ́ yàgbẹ́, bóyá ìdí ń yọ. Ẹ fi gẹ́ẹ̀lì sórí ìbọ̀wọ́, kí ìka wọlé díẹ̀díẹ̀. Ẹ ní kó fún ìdí pọ̀ bí ẹni ń pa ìṣó mọ́ra: ṣé yíká yíká ló di ìka mú, àbí apá iwájú ṣófo? Apá iwájú yẹn ni ìbímọ sábà máa ń ya. Ẹ tún ní kó tì: ó yẹ kí iṣan dẹ̀. Bó bá tún ń le sí i, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tí kò jẹ́ kó rí ìgbẹ́ yà nìyẹn.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni àyẹ̀wò bàlúùnù wà fún, láti mọ̀ bóyá ó lè ti ohun tó wà nínú ìdí jáde, ọsibítù jẹ́nẹ́rà èyíkéyìí sì lè ṣe é. Bàlúùnù rírọ̀ tí wọ́n fi òwú so mọ́ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ẹ dán an wò nínú omi kó tó wọlé, kó má lọ máa jò. Kí aláìsàn ti yàgbẹ́ ṣáájú. Bó bá ti wọ inú ìdí tán, ẹ fi síríńjì fi mìlílítà 50 omi sí i, kó lọ́wọ́ọ́wọ́ bí ara. Omi tútù á ta ìfun jí. Ẹ dí ẹnu rọ́bà, ẹ jẹ́ kó jókòó sórí àga ìyàgbẹ́, kì í ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ sì jáde fún un. Ẹni tí wọ́n dúró lé lórí, ìtìjú ò ní jẹ́ kó tì í jáde, èsì á wá parọ́. Láàárín ìṣẹ́jú kan ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tára wọn dá máa ń tì í jáde. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú méjì, ẹ fa omi náà kúrò kí ẹ tó yọ ọ́. Ẹ má fà á nígbà tó ṣì wú.

Ẹ̀rọ ni àwọn aláṣẹ ń sọ pé kò sí. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ tó ń wọn agbára iṣan ìdí wọ́n, skáànù tí wọ́n ń tì bọ ojú ìdí tó ń fi ibi tí iṣan ti já hàn náà ò sí káàkiri. Ìbọ̀wọ́ náà ńkọ́? Ṣé ìyẹn náà wọ́n ni?

Kí wọ́n ra ẹ̀rọ méjèèjì sí ọsibítù ńlá kan, ó kéré tán, ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n fa kọ́tìnì sí yàrá àyẹ̀wò. Kí agbẹ̀bí fi ìka yẹ ìdí wò kó tó rán ibi tó ya, àti lẹ́yìn tó bá rán an tán, bóyá abẹ́rẹ́ gún ìfun. Bí ìyá bá sì padà wá ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, kí nọ́ọ̀sì fẹnu ara rẹ̀ bi í pé, "Ṣé ìṣó tàbí ìgbẹ́ máa ń jáde kí ẹ tó mọ̀?" Kí wọ́n má dúró dìgbà tí òun fúnra rẹ̀ bá sọ ọ́.

Òṣìṣẹ́ ìlera kan,
Abẹ́òkúta