Owó ilé-iṣẹ́ wa ń jẹrà lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́kọ̀ òfurufú

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Mo ka lẹ́tà òǹkàwé yín kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí tó ní olè paraku ni gbogbo àwọn ọlọ́kọ̀ òfurufú tí wọ́n ń gbé owó tíkẹ́ẹ̀tì tá ò lò mì. Mo fara mọ́ apá kan nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwa tá a jókòó sí ọ́fíìsì lọ́wọ́ nínú ẹ̀. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan n'Ìkẹjà, ohun tí mo fojú ara mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Lóṣù tó kọjá, ọ́dítà bi mí pé tíkẹ́ẹ̀tì mélòó la rà tí ẹnikẹ́ni ò fi wọ bàálù. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kò lè ju méjì mẹ́ta lọ. Mo fa dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀, mo kó gbogbo ìwé tí mo ti tẹ̀ jáde dà sórí tábìlì, mo wá ń fi báírò pupa fàlà sí èyí tí wọ́n ti lò. Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó parí, 17 ló sì kù tí kò nílà. Oníbàárà sún ìpàdé síwájú l'Ábújá, iba dá ọ̀gá gúnlẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ kó lọ sí Pọ́tàkọ́ọ̀tù, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí mo pe àwọn ọlọ́kọ̀ òfurufú náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, márùn-ún nínú tíkẹ́ẹ̀tì náà ti kú pátápátá, àkókò tá a lè lò ó ti kọjá. Ọdún kan ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọlọ́kọ̀ náà máa ń fún èèyàn láti lo owó náà, ọjọ́ tẹ́ ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ fagi lé e. Èmi tí mo pe ara mi ní ògbólógbòó nídìí iṣẹ́ yìí, mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣé ọlọ́kọ̀ òfurufú ló ní kí n kó o sínú dúrọ́ọ̀ ni? Àwọn òṣìṣẹ́ wa náà ò ràn wá lọ́wọ́. Bí èèyàn bá pè kí bàálù tó gbéra pé òun ò lọ mọ́, àwọn ọlọ́kọ̀ òfurufú á bá a tọ́jú owó náà, wọ́n á kàn yọ díẹ̀ níbẹ̀. Bó bá dákẹ́ tí bàálù fi lọ, “no-show” ni wọ́n ń pe ìyẹn, ìtanràn rẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ owó náà tán. Àwọn kan á jókòó sínú gosiló Ọ̀ṣòdì, wọ́n á mọ̀ pé àwọn ò lè bá a mọ́, wọn ò ní í pe ẹnì kankan.

Ibi tó dùn mí jù ni ti orúkọ. Ẹnjiníà wa kan wà tó ti já pa lọ sí Kánádà. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tá ò lò ṣì wà láàyè, mo sì fẹ́ fi owó ibẹ̀ ra ti ẹni tó gba ipò rẹ̀. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù lọ́dọ̀ ọlọ́kọ̀ òfurufú náà ní, “Mà, orúkọ tó wà lórí ẹ̀ la mọ̀.” Mo ní, “Ọmọ mi, káàdì ilé-iṣẹ́ wa la fi san án.” Ó ní, “Mà, ẹ ní kí wọ́n pè wá fúnra wọn.” Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn. Ní Toronto, ẹni tí mo fẹ́ kó pè wọ́n ṣì ń han-run.

Mo mọ ìdí tí wọ́n fi so ó mọ́ orúkọ. Bí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn alágbàtà á ra tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú jọ ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n á sì máa tà á fún wa ní ìlọ́po mẹ́ta nígbà Kérésìmesì. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó ti tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú wọn, tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ṣé alágbàtà ni? Àwọn ọlọ́kọ̀ òfurufú ńláńlá kan l'Ámẹ́ríkà máa ń gba irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ láyè láti fi orúkọ òṣìṣẹ́ kan rọ́pò ti òmíràn. Kí àwọn tiwa náà dẹwọ́ fún wa díẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹni tó sanwó ni owó rẹ̀.

Ti náírà tún wà níbẹ̀. Ìparí oṣù kejì ọdún 2022 ni wọ́n gbé tíkẹ́ẹ̀tì abẹ́lé tó kéré jù dé 50,000 náírà. Lónìí, ẹni tó bá rí Èkó sí Àbújá ní 100,000 á dúpẹ́. Owó wa tó wà lọ́dọ̀ wọn ò kúrò ní iye tó wà, owó tuntun ni wọ́n sì ń bù lé tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá pẹ́ kó tó lò ó, òun náà ló máa fi owó kún un.

Níbi tí àwọn fúnra wọn bá ti fagi lé ìrìnnà, mo wà lẹ́yìn òǹkàwé yín gbágbáágbá. Owó ló tọ́ sí wa níbẹ̀. Apá 19 nínú ìlànà ìrìnnà òfurufú ọdún 2023, tí NCAA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìrìnnà òfurufú ní Nàìjíríà, ń mójú tó, fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti gbowó wa padà: tíkẹ́ẹ̀tì abẹ́lé tá a bá fi kíáṣì rà, lójú ẹsẹ̀; èyí tá a bá san lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láàárín ọjọ́ 14. Ṣùgbọ́n ní kàǹtà, kírẹ́dítì, ìyẹn owó téèyàn máa fi ra tíkẹ́ẹ̀tì míì lọ́dọ̀ wọn, ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń nà sí èèyàn. Àwa náà á sì gbà á, torí ìpàdé aago mẹ́ta ti wà lọ́rùn wa.

Mo ti ra ìwé ńlá kan báyìí. Mo ń kọ orúkọ sí i, iye owó, ọjọ́ tá a rà á, àti nọ́ḿbà tíkẹ́ẹ̀tì, èyí tó máa ń jẹ́ fígọ̀ 13, tí mẹ́ta àkọ́kọ́ á fi ọlọ́kọ̀ tó tà á hàn. Kóòdù tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, lẹ́tà àti nọ́ḿbà mẹ́fà lápapọ̀, tí gbogbo èèyàn máa ń há sórí, bí ọjọ́ ìrìnnà bá ti kọjá, ó lè pòórá nínú kọ̀ǹpútà wọn. Nọ́ḿbà onífígọ̀ 13 yẹn ni wọ́n á fi wá a jáde. Ẹni tó bá ní kí n ra tíkẹ́ẹ̀tì fún òun, ìwé yìí ni mo kọ́kọ́ máa ń ṣí. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo fi èyí tí ọ̀gá wa ò lò nígbà àìsàn rẹ̀ ra ti Àbújá fún un, owó díẹ̀ la kàn fi kún un.

Ó ku 11. Méjì nínú wọn máa kú níparí oṣù yìí, ti ẹnjiníà wà níbẹ̀. Mo ti tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní òun máa pè wọ́n bí òun bá ti bọ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé ọ́fíìsì kan,
Ìkẹjà, Èkó.