Lẹ́tà sí Múfú lórí imú ọkọ̀ tó ń gbé irin

Chicago,
Oṣù Kọkànlá.

Múfú ọ̀rẹ́ mi,

O kú iṣẹ́ o, o sì kú ooru. Ṣé àlàáfíà ni màmá wà? Bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ. Ara wa le níbí, òtútù nìkan ló ń bá wa fínra.

O bi mí lórí fóònù ohun tí mo ṣe sí iwájú ọkọ̀ mi, nítorí oníbàárà rẹ tó fẹ́ gbé bọ́ńpà irin àti winch (ẹ̀rọ tó ń fi wáyà fa ọkọ̀ tó rì) sórí Hilux. Súpíríǹgì tó le ni mo fi síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gùn ju ti fóònù lọ.

Ford F-250, ọkọ̀ akẹ́rù bíi Hilux tó tóbi jù ú lọ, ti ọdún 2006 ni tèmi. Òun ni mo fi ń kó yìnyín kúrò níbi ìgbọ́kọ̀sí àwọn ilé ìtajà lóru. Plow, irin fẹ̀ǹfẹ̀ tó ń gbá yìnyín, tí mò ń so mọ́ ọn níwájú wúwo tó nǹkan bí 340 kìló, ṣùgbọ́n má rò pé 340 náà ni taya iwájú máa rù. Irin náà yọ síwájú áásù (irin tó so taya ọ̀tún àti ti òsì pọ̀) ju mítà kan lọ, bẹ́ẹ̀ mítà 3.6 ló wà láàárín áásù iwájú àti ti ẹ̀yìn. Bó ṣe ń tẹ imú ọkọ̀ mọ́lẹ̀ ló ń gbé ìdí rẹ̀ sókè. Mo ṣírò rẹ̀: bí 460 kìló ló kún iwájú, bí 120 ló kúrò lẹ́yìn. Ìdí ọkọ̀ tó fúyẹ́ lórí yìnyín, á kàn máa yọ̀ kiri ni.

Kí n tó fọwọ́ kan irin kankan, mo ka sítíkà tó wà létí ilẹ̀kùn dírẹ́bà. GAWR tiwájú ni kó o wá níbẹ̀, ẹrù tó pọ̀ jù tí áásù iwájú lè gbà nìyẹn. Tèmi jẹ́ 2,359 kìló. Mo wá wa ọkọ̀ lọ sórí ìwọ̀n àwọn onítírélà, tó ń wọn áásù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Láìsí plow, iwájú jẹ́ bí 1,700, àyè ṣì wà. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ló gbà mí. Ká ní dísù ni, ìwúwo ẹ́ńjìnnì nìkan ì bá ti jẹ lára àyè yẹn.

Múfú, súpíríǹgì tó le kì í yí ohun tó wà lórí sítíkà padà. Ó kàn ń gbé imú ọkọ̀ dúró ni. Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, bẹ́ríǹ, bíréèkì àti taya kò mọ̀ pé o pààrọ̀ súpíríǹgì.

Iṣẹ́ náà kò le. Áásù gbọọrọ ló wà níwájú ọkọ̀ mi, láti 2005 sì ni Ford ti ń fi kọ́ìlì (súpíríǹgì tí wọ́n wé róbótó) síbẹ̀ dípò súpíríǹgì pẹlẹbẹ. Fi jáàkì gbé férémù, tú ṣọ́ọ̀kì, jẹ́ kí áásù sọ̀ kalẹ̀, kọ́ìlì á jáde. Tèmi ti rọ̀, ni mo bá fi èyí tí Ford ń lò fún ọkọ̀ plow rọ́pò rẹ̀. Ká ní ó ṣì lágbára ni, rọ́bà oníhò tí wọ́n ń pè ní Timbren ni ǹ bá fi síbi tí áásù ti ń gbá férémù. Ìyẹn kì í ṣiṣẹ́ títí ẹrù á fi dé. Báyìí, bí plow kò bá sí lára ọkọ̀ mi, ó le bí pákó, ìyàwó mi ò sì fẹ́ wọ̀ ọ́ mọ́.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù, yanrìn ni. Mo to àpò yanrìn sẹ́yìn áásù ẹ̀yìn, mo dè é pinpin kó má baà fò síwájú bí mo bá tẹ bíréèkì. Ó dá ìwúwo padà sórí ẹ̀yìn, ó sì gbà lára ti iwájú.

Ti Hilux yàtọ̀. Kọ́ìlì rẹ̀ wé mọ́ ṣọ́ọ̀kì. Má jẹ́ kí ọmọṣẹ́ kankan tú nọ́ọ̀tì òkè láì kọ́kọ́ fi irin ìfúnkọ́ìlì fún un pọ̀. Kọ́ìlì náà lè fò jáde pa ènìyàn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kẹ́ ẹ ki irin róbótó sí i lórí, gíga ló máa ga, kò ní le sí i. Ẹ ṣe alignment (títo taya kó dúró gún) lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ sì tún iná iwájú dojú kọ ilẹ̀.

Wọn kì í ta Hilux níbí, n kò lè rí kọ́ìlì rẹ̀ rà. Àwọn ará Ọsirélíà tó ń ṣe kọ́ìlì Old Man Emu ní oríṣiríṣi, ìwúwo ohun tó wà níwájú ni wọ́n fi ń yàn án. Gbé bọ́ńpà àti winch náà sórí ìwọ̀n, kó o fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú ọdún tí ọkọ̀ náà jáde.

Èmi ni tìrẹ,
Táíwò