Lẹ́tà Ẹ̀sùn Lórí Àwo Orin The Cure Tí Mo Rà Lọ́wọ́ Yín

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Tó Ń Gbọ́ Ti Oníbàárà,

Mo kí yín, ọ̀gá. Mo ń kọ lẹ́tà yìí nítorí àwo Songs of a Lost World ti ẹgbẹ́ olórin The Cure, tí mo fowó rà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ yín, tí mo sì lọ gbà ní ẹ̀ka yín ní Pánṣẹ́kẹ́, Abẹ́òkúta. Àwo náà ti wọ́. Bí mo bá gbé e lé ẹ̀rọ, ọwọ́ tó di abẹ́rẹ́ mú a máa gòkè, a sì máa sọ̀ kalẹ̀ bí àwo ṣe ń yí. Tó bá wá dé orin Endsong tó kẹ́yìn, abẹ́rẹ́ a fò padà sí ibi tó ti kúrò, ìlù kan náà ni yóò sì máa dún títí n ó fi dìde lọ gbé e kúrò.

Èsì tí òṣìṣẹ́ yín fún mi lórí fóònù dùn mí ju àléébù náà lọ. Ó ní kò sí ohun tó ṣe àwo náà, pé bí orin àwọn èèyàn yẹn ṣe rí nìyẹn, àti pé bí orin ọ̀fọ̀ bá ti sú mi, kí n mú ti olórin mìíràn.

Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ ohun tí mo rà. Lóòótọ́, ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́ta kí Robert Smith, ẹni tó ń kọrin fún wọn, tó lanu nínú orin Alone tó ṣáájú, mo sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ti ń gbé àwo jáde láti ọdún 1979, tí ọdún 16 sì kọjá láàárín èyí tí wọ́n ṣe ní 2008 àti èyí tó jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, kò sí ẹni tó ń lé wọn. Orin mẹ́jọ péré ló wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ni Smith fi dárò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Endsong nìkan ju ìṣẹ́jú 10 lọ: ìlù yóò máa dún lọ, jìtá yóò máa gorí jìtá, gbogbo rẹ̀ yóò máa wúwo sí i, orin yóò sì ti kọjá ìdajì kí ohùn tó wọlé. Orin ijó lè já kí èèyàn má fura. Èyí tí wọ́n fi sùúrù kọ́ báyìí, bó bá já lẹ́ẹ̀kan, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ohun tó fà á kò pamọ́. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí oòrùn ọ̀sán ń wọ̀ ni wọ́n to páálí àwọn àwo sí ní ẹ̀ka yín, ọ̀kan lórí èkejì. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ti fa tèmi yọ, ó sì gbóná lọ́wọ́ mi. Ike ni àwo, ooru a máa rọ̀ ọ́. Ìlú Ayinla Omowura lẹ wà yìí o! Àwọn àgbà ilé wa ṣì ní àwo àpàlà rẹ̀ tó ń dún kedere, nítorí pé ìnàró ni wọ́n ń tò wọ́n, níbi tí oòrùn kò dé.

Ohun tí mo ń béèrè ni kí ẹ fún mi ní àwo kan náà tó tẹ́ pẹrẹsẹ, kí owó ìfiránṣẹ́ wà lọ́rùn yín, kí ẹ sì jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò lójú àwọn òṣìṣẹ́ yín kí n tó fọwọ́ sí ìwé. Bí kò bá sí mọ́, ẹ dá owó mi padà. N kò gba àwo olórin mìíràn dípò rẹ̀. Ẹ̀dà rìsíìtì àti fídíò tó fi bí abẹ́rẹ́ ṣe ń fò hàn wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníbàárà yín,
Oníkólobó, Abẹ́òkúta.