Idẹ ni kó o fi sí i

Káyọ̀dé ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà lọ́hùn-ún? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Gbogbo wa wà ní Ondo níbí, Bàbá ní kí n kí ẹ gan-an ni. Mo fi fótò ìbọn tó ò ń gbẹ́ yẹn hàn wọ́n, wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, ara igi yẹn ni wọ́n ṣáà ń wò, wọ́n ní igi tó ní ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ báyìí, kí wọ́n tó rí irú ẹ ó di ọjọ́ mìíràn.

O ní kí n bá ẹ mú èyí tó o máa tẹ̀ sínú igi ìbọn yẹn nínú idẹ àti German silver. Idẹ ni o jàre! Ìwọ náà lo sọ pé irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní Lancaster, ní Pennsylvania, ní nǹkan bí 1770 lo fẹ́ ṣe, idẹ ló pọ̀ jù lára irú ìyẹn, wọ́n á yọ́ ọ dà sínú iyanrìn, wọ́n á wá fi fáìlì tún un ṣe. German silver tó ń dán lójú ẹ yẹn, fàdákà ò sí nínú ẹ rárá, bàbà, nickel àti zinc ni wọ́n pò pọ̀, kò sì wọ́pọ̀ lára ìbọn àfìgbà tá a wọ àwọn ọdún 1800. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n máa rí i lójú ẹsẹ̀ pé kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn.

Ṣùgbọ́n bó o ṣe máa tẹ̀ ẹ́ wọnú igi ló ká mi lára jù. Ọdẹ kan gbé ṣakabùlà wá láti ọ̀nà Ìdànrè lọ́jọ́sí, ó ní kí n fi idẹ síbi tí àtàǹpàkò máa ń sinmi sí. Mo kánjú, mi ò gbẹ́ igi ẹ̀ jinlẹ̀ tó, mo kàn fi ìṣó méjì kàn án mọ́ ọn. Ọyẹ́ dé, igi gbẹ ó súnkì, etí idẹ gbé sókè bí èékánná, ó ya bàbá yẹn lọ́wọ́. Wọn ò bú mi o, wọ́n kàn na àtàǹpàkò tí wọ́n fi àkísà wé sí mi. Mi ò gbàgbé.

Láti ìgbà yẹn, dúdú ìdí ìkòkò ni mo fi ń kun ẹ̀yìn idẹ, màá tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi, ibi tó bá dúdú nìkan ni màá ha, màá tún tẹ̀ ẹ́, títí tó fi máa fara kan igi níbi gbogbo. Idẹ tí ò tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lè gbà mí ní odidi ọjọ́ kan. Jẹ́ kó yọ díẹ̀ ju igi lọ, kó o wá fi fáìlì ha méjèèjì pọ̀, tó o bá fọwọ́ rá a lórí tó ò mọ ibi tí igi parí sí, ó ti jókòó nìyẹn.

Àwọn òṣùpá àti ẹja tó o yà sínú ìwé pé wàá tẹ̀ sára igi yẹn, jọ̀ọ́ yọ wọ́n kúrò. Àpótí kékeré ìdí ìbọn tí wọ́n ń kó aṣọ ọlọ́ràá tí wọ́n fi ń wé ọta sí, tí orí idẹ ẹ̀ dà bí òdòdó, ìyẹn ti tó ẹ̀ṣọ́, igi yẹn rẹwà ju kó o bò ó mọ́lẹ̀ lọ. Má sì fi ọ̀dà kankan pa idẹ yẹn dán o. Idẹ ara ìbọn Bàbá ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ibi tí ọwọ́ wọn máa ń dì mú nìkan ló ń dán.

Tó o bá ti tẹ àkọ́kọ́ wọlé, ya fótò ẹ̀ sí mi, sún mọ́ ọn dáadáa, ojú ààlà igi àti idẹ yẹn ni mo fẹ́ rí.

Èmi ni,
Dáre