Àwo tí mò ń gbọ́ báyìí

Ẹ̀pẹ́,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù o. O kú iṣẹ́ òru náà. Báwo ni bàbá àwọn ọmọ àti àwọn ọmọ fúnra wọn? Àwa ńkọ́, a wà, a dúpẹ́. Iléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, aṣọ àwọn oníbàárà kún ṣọ́ọ̀bù débi pé kò sí ibi tí àlejò lè jókòó sí. Màmá ní kí n kí ọ, wọ́n ní ṣé o ṣì ń rí ẹja gidi jẹ ní Kánádà, àbí kí àwọn wá ọ̀kan tó gbẹ dáadáa ní ọjà Olúwo kí ẹni tó bá ń bọ̀ bá ọ gbé e.

O bi mí nínú ohùn tí o fi ránṣẹ́ pé àwo ta ni mò ń gbọ́ lásìkò yìí, àti pé kí ló tiẹ̀ dé tí mi ò kúrò nídìí àpàlà. Ohùn ìṣẹ́jú kan ò lè gba èsì ìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò.

Ligali Mukaiba, olórin àpàlà, ni mò ń gbọ́. Baba l'Ẹ̀pẹ́. Orúkọ ìlú wa ni wọ́n so mọ́ tiwọn, síbẹ̀ àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, tí wọ́n bí sí Ẹ̀pẹ́ yìí, ò mọ̀ wọ́n. Ó dùn mí gan-an. Tí a bá ń ṣe ọdún Káyòkáyò ní Ẹ̀pẹ́ níbí, tí gbogbo ẹ̀rọ orin ìlú bá ń bú ramúramù, ó wù mí kí wọ́n fi àwo bàbá yìí ṣáájú kí wọ́n tó fi ti ẹnikẹ́ni.

Bí èèyàn bá dárúkọ àpàlà, Haruna Ishola ni gbogbo ayé máa ń rántí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1948 ni wọ́n ṣe àwo wọn àkọ́kọ́ tí wọ́n fi yin Orímolúsì, ọba Ìjẹ̀bú-Igbó, àwo náà ò tà rárá. Lẹ́yìn tí ọba wàjà, wọ́n tún orin náà kọ ní 1955, ìgbà yẹn ni òkìkí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kàn. Nígbà tó fi máa di 1971 tí àwo wọn Oroki Social Club jáde, èyí tí wọ́n fi ki àwọn gbajúmọ̀ ẹgbẹ́ kan ní Òṣogbo, ta ni ò mọ̀ wọ́n mọ́? Mo ṣì máa ń gbọ́ ọ. Ohùn Haruna wúwo, kò kánjú, ó ń pàṣẹ. Wọ́n á pe orúkọ rẹ, wọ́n á pe ti bàbá rẹ, wọ́n á dárúkọ iṣẹ́ tí o ń ṣe àti àdúgbò tí ilé rẹ wà, títí ìwọ fúnra rẹ á fi gbà pé èèyàn ńlá ni ọ́.

Ti Ligali yàtọ̀. Ohùn wọn rọ̀, ó dà bí ìgbà tí àgbàlagbà bá pe ọmọ sí kọ̀rọ̀ láti bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n á fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, elégbè á gbà á, agídìgbo á máa rìn lábẹ́, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á gbè é, gángan á wá bọ́ sí i láti sọ ohun tí ẹnu olórin ò tíì sọ. Kò sí gìtá, kò sí dùùrù, kò sí ohunkóhun tí wọ́n ń tì bọ iná. Àyè tí bàbá fi sílẹ̀ fún àwọn onílù ló mú mi. Nígbà mìíràn wọ́n á dákẹ́ pátápátá kí ìlù lè parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ṣòro fún olórin láti dákẹ́ báyẹn nínú àwo ara rẹ̀.

Bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe nítòsí ṣọ́ọ̀bù mi ló ń bá mi gbé àwọn àwo náà sórí mẹ́mọ́rì káàdì. Wọ́n ní àwo ńláńlá tó kún sẹ́ẹ̀fù, èèpo wọn ti ṣá, wọn kì í sì í yá ẹnikẹ́ni. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ ibẹ̀ la máa ń jiyàn. Wọ́n ní Haruna lọ̀gá, kí n yéé fi ìfẹ́ ìlú ṣèdájọ́. Mi ò gbà fún wọn. Kì í ṣe torí pé Ligali jẹ́ ọmọ Ẹ̀pẹ́ nìkan. Orin tó ń kí olówó pọ̀ nílẹ̀ yìí. Èyí tó ń bá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ sọ̀rọ̀ ṣọ̀wọ́n.

Àmọ́ ohun kan wà tí mo fẹ́ kí o ṣe fún mi. Má ṣe gbọ́ wọn bí o ṣe ń gbọ́ orin lórí fóònù. Ojú méjì ni àwo ńlá ayé ìgbà náà ní, ojú kan sì lè tó nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Ọ̀pọ̀ olórin wa ò gé e sí wẹ́wẹ́. Wọ́n á fi àdúrà ṣí i, wọ́n á bọ́ sínú oríkì, ìkìlọ̀ á tẹ̀ lé e, ìlù á yí, orin mìíràn á ti wọlé kí o tó mọ̀ pé èyí tó ṣáájú ti lọ. Bí o bá fo àárín rẹ̀, o ti pàdánù ọ̀nà tí wọ́n gbà débẹ̀, ọ̀nà yẹn sì ni orin náà gan-an.

Wo àwo Juju Music ti Sunny Ade tí o sọ pé wọ́n ń lù níbi iṣẹ́ rẹ, èyí tí ilé-iṣẹ́ àwo Island gbé jáde ní 1982 fún àwọn ará òkè òkun. Orin méje ló wà nínú rẹ̀, wọ́n gé e kí ó lè bá etí òyìnbó mu. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ní pàtàkì gìtá Hawaii tí Demola Adepoju ń ta níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ wá àwọn àwo tí Sunny ṣe fún wa nílé kí ó tó di ìgbà náà, tí ojú kan jẹ́ orin kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Níbẹ̀ lo ti máa gbọ́ bí gángan àti gìtá ṣe ń dá ara wọn lóhùn tí ẹnikẹ́ni ò lé wọn. Tiwa ló dára jù lójú mi.

Asake tí o ní kí n gbọ́, mo gbọ́ ọ. Mr. Money With The Vibe, ti 2022: orin 12, nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú péré. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù mọ gbogbo rẹ̀ lórí. Mo fẹ́ràn ọ̀pọ̀ ohùn tó ń gbè é, ti fújì gan-an ni, mo sì fẹ́ràn bí orin kan ò ṣe tíì tutù tí èkejì fi ń wọlé. Ọmọ náà mọ ohun tí àwọn bàbá rẹ̀ ń ṣe. Ohun tí mo ń wá níbẹ̀ tí mi ò rí ni àyè ìlù. Ìlù amapiano tí wọ́n gbà lọ́dọ̀ àwọn ará South Africa ti gba ilẹ̀ tán, kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀ mọ́ ọn.

Àwo Asa ti 2007 tí o fi ń sùn lẹ́yìn iṣẹ́ òru, kò sí ẹjọ́ níbẹ̀. Ariwo máṣíìnì ni kì í jẹ́ kí n gbádùn rẹ̀ ní ọ̀sán. Ní ọ̀sán, Salawa Abeni ló ń gbé mi ró, torí pé wákà kì í jẹ́ kí ọwọ́ falẹ̀. Ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni wọ́n ní 1976 tí wọ́n ṣe àwo wọn àkọ́kọ́, lórí Ọ̀gágun Murtala Mohammed tí wọ́n pa lọ́dún yẹn. Mo sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù mi, ẹnu yà wọ́n, wọ́n ní kí n tún un lù.

Mo ti fi ojú kìíní àwo Ligali kan ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ. Ariwo abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀ díẹ̀, má jẹ́ kí ìyẹn lé ọ. Dúró di ọjọ́ tí o ò ní lọ síbi iṣẹ́, kí o gbọ́ ọ tán, kí o wá sọ ibi tí ìlù ti kọ́kọ́ mú ọ fún mi. Bí o bá fẹ́ ojú kejì, màá ní kí bàbá bá mi gbé e sórí káàdì kí Iléyá tó dé.

Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni,
Àrìnpé