Àbẹ̀ní, bí o bá dé Arimatsu

Abẹ́òkúta,
Oṣù Agẹmọ.

Àbẹ̀ní ọmọ mi,

Mo gbọ́ pé físà rẹ ti jáde, pé ọ̀sẹ̀ méjì lo máa lò ní Japan nínú oṣù kẹjọ. Inú mi dùn gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tí o ń ka àwọn ibi tí o fẹ́ lọ fún mi lórí fóònù, Tokyo, Kyoto, Osaka, mo ń retí kí o dárúkọ Arimatsu, ìlú àwọn aláró wọn. O ò dárúkọ rẹ̀. Ìwọ ọmọ aláró! Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ̀wé, torí bí mo bá ní kí n sọ ọ́ lórí fóònù, "ẹ má ṣèyọnu, màmá" lo máa sọ, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀.

O mọ̀ pé mo ti dé ibẹ̀ rí, ọdún tí wọ́n pe àwa aládìrẹ mẹ́ta láti Ìtòkú pé kí a wá fi iṣẹ́ ọwọ́ wa hàn. Ohun tí mi ò sọ fún ọ ni pé ẹ̀rù bà mí jálẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. Gbogbo nǹkan dákẹ́ jù. Nínú ọkọ̀ ojú irin, èèyàn kún fọ́fọ́, kò sẹ́ni tó ń gba ìpè, kódà ọmọdé ò ké. Arimatsu ni ara mi ti balẹ̀. Kò jìnnà sí Nagoya, ọkọ̀ ojú irin lo máa wọ̀. Mo rí ìyá àgbà kan tó jókòó, ó mú aṣọ funfun ṣóńṣó, ó fi okùn wé e, ó fà á, ó ró "tọ́". Àdìrẹ oníko ni, ọmọ mi! Mi ò gbọ́ èdè rẹ̀, òun náà ò gbọ́ tèmi. Mo jókòó tì í, mo gba aṣọ, mo di tèmi. Ó wò ó dáadáa, ó rẹ́rìn-ín, ó tú u palẹ̀, ó ní kí n tún un dì. Èmi tí mo ti ń di aṣọ láti kékeré!

Shibori ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà. Inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún kí èèyàn fún omi kúrò lára aṣọ ló ti wá. Tiwa, a dì í, a rẹ ẹ́. Ọdún 1608 ni wọ́n tẹ Arimatsu dó sí etí Tokaido, ọ̀nà ńlá tó so Edo, tí a mọ̀ sí Tokyo lónìí, pọ̀ mọ́ Kyoto. Ilẹ̀ ibẹ̀ ò tó fi dáko, ni wọ́n bá ń di aṣọ tà fún èrò ọ̀nà. Oríṣiríṣi ìdì ni wọ́n ní, àwọn obìnrin ibẹ̀ sì máa ń di ìdì kan ṣoṣo mú títí ayé wọn: ẹni tó ń ṣe kanoko, tó rí tótòtó bí ara ọmọ àgbọ̀nrín, kì í dá sí ti ẹni tó ń ṣe kumo, tó dà bí òwú aláǹtakùn. Èyí yà mí lẹ́nu, torí níbí, ẹnì kan ṣoṣo la fẹ́ kó mọ̀ ọ́n dì, kó mọ̀ ọ́n fi abẹ́rẹ́ rán, kó tún mọ̀ ọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹlẹ́kọ.

Béèrè ọ̀rọ̀ aró lọ́wọ́ wọn. Ewé tiwa, a máa ń gún un, a ṣù ú, a sá a sóòrùn. Ní Tokushima, níbi tí aró wọn ti lókìkí, wọ́n máa ń kó ewé gbígbẹ jọ gègèrè, wọ́n ń wọ́n omi sí i, wọ́n ń yí i, fún bí ọgọ́rùn-ún ọjọ́, títí á fi jẹrà dúdú bí iyẹ̀pẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni omi eérú, gẹ́gẹ́ bí tiwa. Ìfòòfó tó máa ń hó sójú ìkòkò nígbà tí aró bá ti jí, òdòdó aró ni wọ́n ń pè é. Ọjọ́ tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún mi ni mo rántí ìyá mi, tó máa ń tẹ́tí sí ẹnu ìkòkò kó tó ki aṣọ bọ̀ ọ́. Wọ́n tún ní èyí tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀ ìrẹsì ya bí àwa ṣe ń fi ẹ̀kọ láfún ya ẹlẹ́kọ. Lọ fojú ara rẹ rí i.

Bí wọ́n bá dá iye owó shibori fún ọ, má ké, má sì ná an. Mo mọ̀ pé ẹnu á máa yún ọ. Wọn kì í nájà níbẹ̀, kimono kan, ẹ̀wù ìbílẹ̀ wọn, sì lè gba ọ̀pọ̀ oṣù kí wọ́n tó dì í tán. Ìwọ náà ṣáà mọ bí inú mi ṣe máa ń rí tí oníbàárà bá fi àdìrẹ mi wé èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀. Má sì fi owó ọ̀fẹ́ sílẹ̀ lórí tábìlì fún ẹni tó gbé oúnjẹ fún ọ. Wọ́n á sáré tẹ̀lé ọ síta pé o gbàgbé nǹkan.

Ọ̀rọ̀ bàtà wá ńkọ́? Bọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà, kọjú rẹ̀ síta. Wọ́n á fún ọ ní sálúbàtà, bọ́ òun náà kí o tó tẹ tatami, ìyẹn ẹní tí wọ́n tẹ́ kárí ilẹ̀ yàrá. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì ní sálúbàtà tirẹ̀. Èmi gbàgbé, mo wọ ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dé àárín àwọn àgbà tó ń retí mi. Wọ́n wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n gbójú kúrò, wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Ká ní ilé wa ni, ẹnì kan ì bá ti pariwo, a ó rẹ́rìn-ín, ó parí. Nítorí náà, tí o bá rí i pé gbogbo wọn ṣàdédé dákẹ́, tètè wo ara rẹ láti òkè délẹ̀.

Ìkí wọn kò ní nira fún ọ. Tẹ̀ láti ìbàdí, kó ọwọ́ síwájú. Ṣùgbọ́n má kúnlẹ̀ ní ojú títì. Mo kúnlẹ̀ kí ìyá kan nínú ilé ìtajà, òun náà bẹ̀rẹ̀, ó ń bá mi wá ohun tó jábọ́.

Igi méjì tí wọ́n fi ń jẹun, má gún un dúró sínú ìrẹsì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé oúnjẹ fún òkú. Má fi tìrẹ gba ẹran láti orí igi ẹlòmíràn, torí bí wọ́n bá sun òkú tán, báyẹn ni ẹbí ṣe ń fi igi gba egungun lọ́wọ́ ara wọn. Hashi ni orúkọ igi náà. Lẹ́nu ará Tokyo, bí ohùn bá bẹ̀rẹ̀ lókè tó sọ̀ kalẹ̀, igi ìjẹun ni. Bó bá ti ìsàlẹ̀ gòkè, afárá ni. Tí o bá dé Kyoto, wọ́n tún yí i po! Ẹni tó mọ ọkọ̀ yàtọ̀ sí ọkọ́, ṣé ìyẹn ló máa dà á láàmú?

Bí o bá wọ yukata, ẹ̀wù òwú tí wọ́n ń wọ̀ nígbà ooru, jẹ́ kí apá òsì wà lórí apá ọ̀tún. Òkú ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ fún ní ìdàkejì. Ilé ìwẹ̀ olómi gbígbóná wọn, ìhòòhò ni wọ́n ń wọ inú rẹ̀, o sì gbọ́dọ̀ ti fọ ara rẹ mọ́ pátápátá kí o tó ki ẹsẹ̀ bọ omi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gba ẹni tó fín ara wọlé, nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ jàǹdùkú wọn ni a fi mọ̀ ọ́n. Torí náà, èyí tí o fín sí èjìká tí o rò pé mi ò rí, wá nǹkan bò ó.

Ọjọ́ tí o máa wà ní Kyoto bọ́ sí Obon, ìgbà tí wọ́n gbà pé àwọn baba ńlá wọn ń wá kí wọn nílé. Àwọn èèyàn máa ń ya lọ ilé bàbá wọn bí tiwa nígbà Iléyá, nítorí náà tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹrìndínlógún, wọ́n á dáná sórí òkè márùn-ún yí ìlú ká láti sin àwọn ará ọ̀run padà. Tiwa máa ń jáde nínú agọ̀. Tiwọn, iná la fi ń mọ̀ pé wọ́n ń lọ. Dúró wò ó, kí o sì fi fóònù sápò fún ìgbà díẹ̀. Ní Gion pẹ̀lú, àdúgbò kan ní Kyoto, má sáré tẹ̀lé àwọn geisha, àwọn obìnrin tó wọ kimono tí wọ́n ń fi orin àti ijó dá àlejò lára yá, nítorí fọ́tò. Ibi iṣẹ́ ni wọ́n ń lọ. Àlejò ti yọ wọ́n lẹ́nu débi pé ní 2024 wọ́n ti àwọn ọ̀nà kéékèèké kan mọ́ wa, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá yen sì ni ìtanràn.

Mo ti fún àbúrò rẹ ní àdìrẹ oníko ọ̀pá méjì, òun ló máa gbé e wá fún ọ ní Èkó. Ti ìyá Arimatsu ni. Ilé rẹ̀ wà lójú ọ̀nà àtijọ́ náà, fọ́tò rẹ̀ wà nínú àpò ìwé yìí, fi han ẹnikẹ́ni tí o bá rí. Bí kò bá sí láyé mọ́, ẹni tó bá jókòó sáàyè rẹ̀ ni kí o fún. Fi ọwọ́ méjèèjì fún un. Kí o sì sọ fún un pé mo tún un dì.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.