Yi Ja-gyeom Kọ́ Ló Bẹ̀rẹ̀ Rẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka àpilẹ̀kọ yín nípa Yi Ja-gyeom, ìjòyè ilẹ̀ Kòríà ayé àtijọ́ tí ó fẹ́ gba ìtẹ́ mọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, inú mi sì dùn pé ẹ rántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òǹkọ̀wé yín ṣe ro ẹjọ́ náà, ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ọ̀kánjúwà ọkùnrin kan ṣoṣo ló fa gbogbo rẹ̀. N kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ìdílé Yi ti Gyeongwon, ìlú tí à ń pè ní Incheon lónìí, ti ń bá ààfin Goryeo, ìjọba tí ó ń ṣàkóso Kòríà nígbà náà, dá àna tipẹ́. Yi Ja-yeon, bàbá bàbá Yi Ja-gyeom, fi ọmọbìnrin mẹ́ta fún Ọba Munjong nìkan, ọ̀kan nínú wọn sì bí ọmọkùnrin mẹ́ta tí gbogbo wọn jọba. Ní 1095, Yi Ja-ui, ará ilé wọn, gbìyànjú láti fi ọmọ arábìnrin tirẹ̀ jọba, wọ́n sì pa á. Ojú ààfin rí èyí, síbẹ̀ Ọba Yejong tún fẹ́ ọmọ Yi Ja-gyeom, ẹni tí ó bí Injong fún un ní 1109.

Nígbà tí Yejong wàjà ní 1122, Yi Ja-gyeom ló ti Injong lẹ́yìn tí ọmọdé náà fi gorí oyè. Kò pẹ́ tí ó tún fi ọmọbìnrin rẹ̀ kẹta fún ọba náà, tí ó sì fi ìkẹrin tẹ̀ lé e, kí ilé mìíràn má baà di àna ọba kí wọ́n sì bá a pín agbára. Àbúrò ìyá ọba di ìyàwó ọba. Bàbá ìyá rẹ̀ sì tún di bàbá ìyàwó rẹ̀! Àwọn kan tilẹ̀ fẹ́ kí ọjọ́ ìbí ìjòyè yìí máa jẹ́ orúkọ ọ̀wọ̀, Insujeol, bí ẹni pé ọba ni. Kim Busik, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn Samguk Sagi ní 1145, wà lára àwọn tí ó ta kò ó.

Ní 1126, àwọn èèyàn ọba fẹ́ mú Yi Ja-gyeom, òun àti ọ̀gágun Cheok Jun-gyeong, tí òun náà jẹ́ àna rẹ̀, sì dáná sun ààfin ní Kaesong, olú-ìlú Goryeo. Ilé Yi Ja-gyeom ni wọ́n wá fi ọba pamọ́ sí. Ibẹ̀ gan-an ni àpilẹ̀kọ yín ti sáré kọjá ohun tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù. Yi Ja-gyeom fi májèlé sínú àkàrà ìrẹsì tí ọba yóò jẹ. Ọmọbìnrin rẹ̀ kẹrin, ìyàwó ọba, ló ta ọba lólobó, wọ́n jù ú fún ẹyẹ ìwò, ẹyẹ náà sì kú. Nígbà tí bàbá rẹ̀ tún ní kí ó gbé abọ́ tí májèlé wà nínú rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, ó díbọ́n bí ẹni tí ó kọsẹ̀, ó sì da gbogbo rẹ̀ nù.

Nígbẹ̀yìn Cheok Jun-gyeong fúnra rẹ̀ ló yí padà tí ó mú un. Wọ́n lé Yi Ja-gyeom lọ sí Yeonggwang, ibẹ̀ ni ó sì kú sí. Ti ẹja gbígbẹ tí wọ́n ní ó fi ránṣẹ́ sí ọba láti ibẹ̀, tí ó pè ní gulbi láti fi hàn pé òun kò tẹrí ba, ó dùn létí, ṣùgbọ́n àgbọ́sọ ni, kò sì yẹ kí ó gba ìpínrọ̀ méjì.

Wọ́n yọ àwọn ìyàwó méjèèjì kúrò nípò ayaba torí pé àbúrò ìyá ọba ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọba kò gbàgbé oore ìkẹrin; ó fún un ní ilẹ̀, ilé àti ìránṣẹ́. Tí ẹ bá tún máa kọ nípa Yi Ja-gyeom, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ìpínrọ̀ kan kúrò lára ti ẹja, kí ẹ fi fún obìnrin yìí.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín